Ọ̀rọ̀ Ta Ló Wà Nínú Ìwé Rẹ?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó fi gègé ìkọ̀wé búra nínú Súrà Al-Qalam. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí wa, ìbéèrè ọmọdé kan ló bí àròkọ yìí. Mo ń tún àpótí ìwé mi tò, mo sì kó ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́sàn-án jáde, àwọn tí mo fi kọ wáàsí àti tàfúsírù inú oṣù Ráńmádáànì sílẹ̀ láti ìgbà èwe mi. Inú mi dùn sí wọn púpọ̀. Mo pe ọmọbìnrin mi pé kó wá wò wọ́n, kó lè mọ̀ pé baba òun kò fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣeré. Ó ṣí èkíní, ó ṣí èkejì, ó ṣí ẹ̀kẹta. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè, ó ní, "Bàbá mi, àáfà ló sọ gbogbo èyí. Èwo ni ọ̀rọ̀ tiyín níbẹ̀?" Mo wá a títí, n kò rí i. Nínú odindi ìwé mẹ́sàn-án, orúkọ mi nìkan ló jẹ́ tèmi, ẹ̀yìn ìwé ni mo sì kọ ọ́ sí.

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ fi yẹ àwọn ìwé àkọsílẹ̀ wa wò lónìí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ̀bi.

Ẹ bá mi wo bí ìwé wọ̀nyí ṣe máa ń rí. Lọ́jọ́ Àìkú, bí Àsàlátù bá ti parí tí oníwàásí sì ti jókòó, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n á yọ ìwé jáde. Ìwé náà á mọ́, á sì lẹ́wà. Wọ́n á fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ àkọlé, wọ́n á to kókó ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta. Ó yẹ kí á yìn wọ́n, nítorí wọ́n ń fetí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ìwé mẹ́wàá lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá, bákan náà ni gbogbo rẹ̀ á rí. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn wà níbẹ̀, ẹni tó ń wáṣẹ́ wà níbẹ̀, ẹni tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà lánàá náà wà níbẹ̀. Wáàsí lórí sùúrù ni gbogbo wọn gbọ́, wọ́n sì kọ ọ́. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó kọ ibi tí sùúrù yẹn ti kan ilé tirẹ̀.

Nígbà ayé kásẹ́ẹ̀tì, a lè ní olówó ló ń ra wáàsí, kí tálákà máa kọ ọ́ sílẹ̀. Lónìí, fóònù kékeré ń gba ohùn oníwàásí sílẹ̀ láìku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Bí iṣẹ́ gègé kò bá ju kí á da ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kọ, a jẹ́ pé fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kí ló wá kù tí ìwé yóò máa ṣe fún ọ̀dọ́ Mùsùlùmí?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò bú àdàkọ. Àdàkọ ni ìpìlẹ̀. Orí wàláà ni gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé-kéwú: a kọ, a kà á, a fọ̀ ọ́, a tún kọ. Abdullah ọmọ Amr ọmọ Al-As, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́, a máa kọ ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu Ànábì sílẹ̀. Ìtàn rẹ̀ wà nínú àkójọ hádíìsì Abu Dawud. Àwọn kan nínú ìran Kùráìṣì dá a lẹ́kun. Wọ́n ní ènìyàn ni Ànábì, inú rẹ̀ a máa dùn, a sì máa bínú, kí ló dé tó fi ń kọ gbogbo rẹ̀? Abdullah dáwọ́ dúró, ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ànábì lọ. Ànábì nawọ́ sí ẹnu ara rẹ̀, ó sì ní kó máa kọ ọ́, nítorí pé òtítọ́ nìkan ló ń tibẹ̀ jáde. Ìwé yẹn ni Abdullah ń pè ní As-Sadiqah, ìyẹn ìwé olóòótọ́.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣe. Wọ́n bi í ní ìdí tó fi ń kọ. Kò bínú, kò sì dọ́gbọ́n máa kọ ọ́ níkọ̀kọ̀. Ó dúró, ó wádìí, ó sì rí ìdáhùn kó tó tún mú gègé. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ó mọ ìdí tí òun fi ń kọ. Àwa ńkọ́? Ọjọ́ wo la ti dúró bi ara wa?

Àdàkọ mìíràn tún wà tó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè òkun ló ti ṣẹlẹ̀. Ní ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní Brazil, ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1835, nínú oṣù Ráńmádáànì, àwọn Mùsùlùmí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà dìde láti gba ara wọn. Ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn ti gba òmìnira. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Nàgó, ìyẹn ọmọ Yorùbá. Àwọn agbófinró borí wọn, wọ́n sì tú ilé wọn. Lára ohun tí wọ́n kó ni ìwé pélébé-pélébé tí a kọ ní Lárúbáwá, wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́ láti fi dá wọn lẹ́bi. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà ṣì wà ní ibi ìkó-ìwé-pamọ́-sí ìjọba ìpínlẹ̀ Bahia títí dòní. Ìwé kékeré kan tí wọ́n rí lọ́rùn ọ̀kan nínú àwọn tó kú lọ́jọ́ náà wà ní Rio de Janeiro. Òpìtàn João José Reis kọ nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1986.

Kí ló wà nínú àwọn ìwé náà? Súrà inú Kùránì, àdúà, àti iṣẹ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ bí a ti ń kọ lẹ́tà. Àdàkọ lásán ni, bí a bá fi ojú wa wò ó. Ṣùgbọ́n ẹrú ló ń kọ ọ́, ẹni tí òfin ìlú náà kà sí ẹrù tí a ń rà tí a ń tà. Ó ti ṣiṣẹ́ olówó rẹ̀ tán kó tó jókòó mú gègé. Lẹ́yìn ìjà náà, ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n bá rí lọ́wọ́ rẹ̀ lè sọ ọ́ di ọ̀daràn. Ohun tó dà kọ ti di tirẹ̀, nítorí ó ti fi ara rẹ̀ san owó rẹ̀. Èmi tí mo jókòó lórí àga, tí fáànù ń fẹ́ mi, kí ni àdàkọ tèmi ná mi?

Ẹni tí kò bá fi ewu san án, ó yẹ kó fi èrò san án. Ìwé tí mo fẹ́ kí á fi ṣe òṣùwọ̀n nìyí: Sayd al-Khatir, tí Ibn al-Jawzi kọ ní ìlú Bàgídáàdì. Ìtumọ̀ àkọlé náà ni ṣíṣọdẹ èrò tó ń kọjá lọ lọ́kàn. Nǹkan bí ọdún 1116 ni wọ́n bí onímọ̀ yìí. Baba rẹ̀ kú nígbà tó kéré gan-an, àǹtí rẹ̀ tó jẹ́ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ ló sì mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Ó di oníwàásí tí èrò ń wọ́ tẹ̀lé, ó kọ ìwé lọ́pọ̀lọpọ̀ kó tó kú ní ọdún 1201. Nínú gbogbo ìwé rẹ̀, èyí ni mo gbà pé ó sún mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ ara ẹni jù lọ. Ó ju ọ̀ọ́dúnrún ìpín lọ. Ìpín mìíràn kò ju ìlà mélòó kan lọ, òmíràn gùn. Kò sí ètò kankan tó so wọ́n pọ̀. Ohun tó rí lọ́jọ́ kan, ohun tó dùn ún, ohun tó yà á lẹ́nu, òun ló ń kọ.

Ìdí tó fi kọ ọ́ rọrùn. Ó ní èrò a máa wá sọ́kàn, a sì máa lọ, ó sì dun òun pé ọ̀pọ̀ èyí tó ti wá ló ti sọnù nítorí pé òun kò kọ ọ́. Ọdẹ tó rí ẹtu tí kò yin ìbọn, ìròyìn ni yóò gbé délé, ìròyìn kì í sì í kún ìkòkò ọbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo mẹ́ta nínú ohun tó ṣọdẹ. Èkíní kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà gan-an, ó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ọkàn fi ń jí bí a bá ń gbọ́ wáàsí, tó sì tún ń sùn bí a bá ti jáde. Ó fi wáàsí wé pàṣán, tí ìrora rẹ̀ kì í rí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ bó ṣe rí nígbà tó ń balẹ̀ lára. Ó ní àwọn olùgbọ́ kan wà tí wáàsí ń ṣàn kọjá lára wọn bí omi tí a dà sórí òkúta dídán. Ẹ rántí pé òun fúnra rẹ̀ ni oníwàásí. Ohun tí ẹlòmíràn yóò kọ ni iye èrò tó wá àti bí wọ́n ṣe sunkún. Òun bi í bóyá ẹkún náà bá wọn délé. Àwa tí a kọ wáàsí sínú ìwé mẹ́sàn-án, a kò bi ara wa ní ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èkejì jẹ́ ti àlejò. Àwọn ènìyàn ń wá kí i, wọ́n ń jókòó pẹ́, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò lérè. Bó bá lé wọn, ìbátan á bàjẹ́. Bó bá gbà wọ́n láyè, ọjọ́ á lọ. Ó wá wá ọgbọ́n dá sí i. Ó ń fi iṣẹ́ tí kò gba ìrònú pamọ́ de àsìkò tí àlejò bá wà nílẹ̀: gígé tákàdá, gbígbẹ́ gègé, àti dídi ìwé pọ̀. Mo fẹ́ràn ibí yìí gidigidi. Ó fi hàn wá pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ṣe ìwé tó ń kọ sí, àti pé kò sí ohun tó kéré jù láti kọ. Wàhálà àlejò, ohun tí gbogbo wa ń ráhùn lé lórí nílé, di ọgbọ́n tí a ṣì ń kà lẹ́yìn ẹgbẹ̀rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ló jinlẹ̀ jù. Ó ní òun gba ìrọ̀rùn kan lò lórí ọ̀rọ̀ kan, èyí tí àwọn onímọ̀ kan fàyè gbà, ṣùgbọ́n òun rí i pé ọkàn òun le. Kò sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Mo ti ka ibẹ̀ lákàtúnkà. Lákọ̀ọ́kọ́, mo rò pé àléébù ni, pé ó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún òǹkàwé. Nígbà tó yá ni mo rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹ̀sìn wa kò fẹ́ kí á tú àṣírí tí Ọlọ́hun ti bò. Ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkàn rẹ̀, ó sì fi aṣọ bo ìyókù. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ìtìjú náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń bẹ̀rù pé bí òun bá kọ ọ̀rọ̀ ọkàn òun, ẹlòmíràn lè rí i, ọ̀nà àbáyọ rèé.

Bí a bá ń yìn ín, kí á má fi àléébù rẹ̀ pamọ́, nítorí iṣẹ́ lámèyítọ́ kọ́ nìyẹn. Ìwé náà ń sọ ọ̀rọ̀ kan ní àsọtúnsọ. Ẹni tó bá wá ẹ̀kọ́ kan pàtó níbẹ̀ á wá a tì. Ó le mọ́ àwọn tí kò kàwé, a sì máa yin ara rẹ̀ lórí bó ṣe fẹ́ràn ìmọ̀ tó. Bó bá ń sọ̀rọ̀ ìyàwó àti ẹrúbìnrin, ohùn ọkùnrin ọlọ́lá ayé àtijọ́ ló ń jáde, àwọn ìyá wa tó bá kà á lè ṣe họ́ọ̀. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n àsọtúnsọ yẹn gan-an ló jẹ́ kí á mọ ibi tó ń dùn ún: àkókò tó ń lọ, ikú tó ń bọ̀, ẹ̀rù pé kí ìmọ̀ òun má ṣe òun láǹfààní. Nínú ìwé tèmi, ẹ kò lè rí ibi tó ń dùn mí rárá. Ìwé tó ní àléébù olówó rẹ̀ sàn ju ìwé tí kò ní olówó lọ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Báwo ni a ó ṣe wá ran ṣòkòtò tiwa?

Ẹ jẹ́ kí á fi ọwọ́ wa bẹ̀rẹ̀, bí Ibn al-Jawzi ti ṣe. Mú tákàdá ogún, ká wọn sí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó di ogójì ewé. Fi abẹ́rẹ́ lu ihò mẹ́ta sí ojú ibi tí o ká, fi òwú tó lágbára gán an. Fi páálí ṣe èèpo rẹ̀, kí o fi àgékù ańkárá ìyá rẹ bò ó. Ìwé tí o fọwọ́ ara rẹ rán, kò ní yá ọ lára láti fi ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ nìkan kún un.

Lẹ́yìn náà, fún ìwé rẹ ní etí. Àwọn onímọ̀ àtijọ́ a máa fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ojú ewé, ibẹ̀ ni àwọn tó ń ka ìwé náà ń kọ èsì wọn sí. Pín ojú ewé rẹ sí mẹ́rin ní ìnàró. Lo ìdá mẹ́ta fún ohun tí o gbọ́, kí o fi ìdá kan sílẹ̀ fún ohun tí ìwọ sọ sí i. Bí àáfà bá wáàsí lórí ìbínú, kọ ọ́. Ní etí ìwé, kọ ẹni tí o bínú sí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, láìdárúkọ rẹ̀. Bí ohun kan kò bá yé ọ, kọ ìbéèrè síbẹ̀, kí o sì lọ bá àáfà lẹ́yìn wáàsí, bí Abdullah ti lọ bá Ànábì.

Kọ àwọn nǹkan mìíràn náà. Kọ ohun tí ìyá àgbà sọ nígbà tó ń ṣa ẹ̀wà. Kọ bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ọ lọ́wọ́ ìrun àsùbáà. Kọ àdúà tí o fẹ́ ṣe ní èdè tí o fi ń sunkún. Kọ ewì tí kò tíì dùn. Bí o bá mọ àjàmí, fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá rẹ bí àwọn àáfà wa àtijọ́ ti ń ṣe. Ní alẹ́ Jímọ̀, kọ ìlà mẹ́ta: ohun rere kan tí o ṣe, ohun kan tí o kùnà, ohun kan tí ìwọ yóò tún ṣe. Ṣebí Sayyidinā Umar ni wọ́n gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí á ṣírò iṣẹ́ ara wa kó tó di pé wọ́n bá wa ṣírò rẹ̀?

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kù sí yín lọ́wọ́. Bí ọmọ yín bá ní irú ìwé yìí, ẹ má yọ́ kà á. Súrà Al-Hujurat kọ ìtọpinpin àṣírí ọmọnìkejì fún wa, kò sì yọ òbí sílẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ pé wọ́n ń yọ́ ka ìwé òun yóò padà sídìí àdàkọ, nítorí kò sí ewu níbẹ̀. Ẹ fún un ní tákàdá, ẹ fún un ní ìdákẹ́jẹ́. Bó bá fẹ́ kà á fún yín, ẹ gbọ́. Ẹ má fi pupa tọ́ ọ sọ́nà.

Ní tèmi, mo ti rán ìwé kẹwàá. Ìbéèrè ọmọ mi ni mo kọ sí ìlà àkọ́kọ́. Kò tíì kún, ìkọ̀wé inú rẹ̀ kò sì dára tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ yẹn bá ṣí i lọ́jọ́ tí n kò sí mọ́, yóò bá baba rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí a kọ, bí a kò kọ, àwọn mọlékà méjì ń kọ tiwa lọ. Súrà Al-Isra sọ fún wa pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò fa ìwé oníkálukú lé e lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì kà á. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tí yóò bá ọ̀rọ̀ àáfà nínú ìwé tirẹ̀. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ni yóò bá. Ẹ jẹ́ kí á ti máa fi ìwé kékeré kọ́ bí a ti ń ka ìwé ńlá.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìwé wa dùn ún kà lọ́jọ́ náà. Àmín.